Bizen, ìlú kékeré tí wọ́n ti ń sun ìkòkò fún ọ̀sẹ̀ méjì: ẹ bọ́ síbí

Arìnká
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Nínú àwọn ìlú kéékèèké Jàpáànù tí à ń tú wò níbí, ó kan Bizen. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń da àwọn èèyàn láàmú. Àwọn kan ní ìlú idà ni, àwọn kan ní ìlú ìkòkò ni, àwọn mìíràn tún ní ìpínlẹ̀ ni, kì í ṣe ìlú. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kó là á yé wa: ibo ló wà, kí ló sọ ọ́ di olókìkí, kí sì ni ẹni tó bá ní ọjọ́ méjì lè rí níbẹ̀? Èyí tó jẹ mí lógún jù ni ìkòkò wọn. Wọ́n ní kò sí gíléèsì kankan lára rẹ̀, ìyẹn awọ dídán bíi dígí tí wọ́n ń kùn sára àwo. Báwo ló ṣe wá ń gba omi dúró?

Òpìtàn
Orúkọ ni ká kọ́kọ́ yanjú, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìdàrúdàpọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, ìpínlẹ̀ ni Bizen lóòótọ́. Ó wà ní apá ìlà-oòrùn ibi tí à ń pè ní Okayama lónìí. Idà Bizen tí àwọn èèyàn ń sọ, Osafune ni wọ́n ti ń rọ ọ́, inú ìlú Setouchi ni Osafune sì wà báyìí. Bizen àti Setouchi múlé tira, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ẹni tó bá torí idà sọ̀ kalẹ̀ ní Bizen, ìkòkò ni yóò bá.

Bizen tó jẹ́ ìlú kò tíì pẹ́ lójú òfin. Ọdún 1971 ni wọ́n pa Bizen àti Mitsuishi pọ̀ tí wọ́n sọ wọ́n di ìlú kan. Ní oṣù kẹta ọdún 2005, Hinase àti Yoshinaga dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìkànìyàn ọdún 2020 bá èèyàn tó lé díẹ̀ ní 32,000 níbẹ̀, iye wọn sì ń wálẹ̀ lọ́dọọdún bíi ti ọ̀pọ̀ ìlú kékeré Jàpáànù. Ìlú mẹ́rin tí wọ́n so pọ̀ ni ká kà á sí: Imbe, tó wà nínú Bizen àtijọ́, ni ti ìkòkò, Mitsuishi ni ti bíríkì, Hinase ni ti ẹja, Yoshinaga sì ni ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ Shizutani.

Ní ti ìkòkò, ìdí rẹ̀ jìnnà. Láti nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà ni wọ́n ti ń sun àwo eléérú líle kan tí wọ́n ń pè ní sueki ní agbègbè yẹn. Nígbà tó fi máa di ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, iṣẹ́ náà ti yí padà di ti Bizen. Àwọn amọ̀kòkò gun òkè lọ sun ìkòkò nítòsí igi ìdáná, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí Imbe. Ìdí rẹ̀ ò ṣòro: ojú ọ̀nà ńlá San'yō gba Imbe kọjá, èbúté Katakami kò sì jìnnà. Ẹni tó bá ń ta ìkòkò ńlá gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọkọ̀ ojú omi. Nínú òkun nítòsí erékùṣù Shōdoshima, wọ́n ti hú ìkòkò Bizen jáde láti inú ọkọ̀ tó rì láyé ọjọ́un.

Iléru
Ẹ kú àlàyé, Òpìtàn. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ gíléèsì.

Kì í ṣe pé wọn ò mọ gíléèsì. Amọ̀ wọn ni kò gbà á. Amọ̀ tó dára jù níbẹ̀ ń jẹ́ hiyose, abẹ́ àkùrọ̀ ìrẹsì sì ni wọ́n ti ń wà á, nǹkan bíi mítà 2 sí 4 nísàlẹ̀. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń wà á, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kórè tí oko ti ṣófo. Ó dúdú, ó ń fà, irin pọ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ewé àti gbòǹgbò tó ti jẹrà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń súnkì gan-an. Láti ìgbà tó bá tutù títí yóò fi jáde nínú iná, ó lè pàdánù ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìkòkò tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 30 lórí kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò yóò jáde ní bíi 25. Gíléèsì kò lè bá a súnkì tó bẹ́ẹ̀, yóò ṣí kúrò lára rẹ̀ bí awọ ejò.

Ohun tó wá ń gba omi dúró ni iná. Wọ́n ń sun ún dé 1,200 sí 1,250 lórí ìwọ̀n sẹ́ńtígíréètì, irin àti àwọn nǹkan mìíràn tó wà nínú amọ̀ náà yóò sì yọ́ díẹ̀, wọn yóò dí ihò inú rẹ̀. Tí ẹ bá fi ìka gbá a, yóò dún gbọngbọn bí irin. Òwe kan wà ní Jàpáànù pé odó ìlọta Bizen, ẹni tó bá sọ ọ́ mọ́lẹ̀, kò ní fọ́. Ẹ má dán an wò o.

Ọmọ Ìpetumodù
Ẹ̀gbọ́n Iléru, ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti amù tiwa nìyẹn. Àwa ń kó ìkòkò jọ sí gbangba, a ń fi koríko àti igi bò ó, iná sì ń kú láàárín wákàtí díẹ̀. Irú iná bẹ́ẹ̀ kì í sábà kọjá 900. Amù wa sì fẹ́ ihò yẹn, torí ihò náà ló ń jẹ́ kí ó làágùn kí omi inú rẹ̀ lè tutù. Tí ẹ bá sun amù dé 1,200, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ẹ máa mu.

Ìbéèrè mi ni èyí: kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì? Iléru onígáàsì lè dé 1,250 lọ́jọ́ kan.

Iléru
Ó lè dé e, ìkòkò yóò sì bàjẹ́. Àbọ̀ ìtàn Bizen wà nínú ìdáhùn yìí, nítorí náà ẹ fún mi láyè.

Ẹ kọ́kọ́ wo amọ̀ náà. Tí wọ́n bá wà á tán, wọ́n á dà á sí ìta fún ọdún kan ó kéré tán, kí òjò, oòrùn àti yìnyín lè fọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á sẹ́ òkúta àti gbòǹgbò kúrò, wọ́n á sì jẹ́ kí omi rẹ̀ fà. Wọ́n tún á kó o sí ibi tó ṣókùnkùn fún ọdún mélòó kan sí i. Orúkọ tí wọ́n fún ìyẹn túmọ̀ sí pé wọ́n ń tẹ́ amọ̀ sùn. Kí wọ́n tó mọ ọ́n, wọ́n á fi ọwọ́ fún un kiri, ní ọ̀nà kan tó máa ń jẹ́ kí ó ṣẹ́ wọ́rọ́ bí òdòdó, kí atẹ́gùn inú rẹ̀ lè jáde. Atẹ́gùn tó bá kù sínú rẹ̀ yóò dá wàhálà sílẹ̀ nínú iná.

Ẹ wá wo iná. Àwọn ewé jíjẹrà inú amọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ jó kúrò pátápátá kí ojú ìkòkò tó dí. Tí ooru bá yára gòkè, ojú ìkòkò á ti dí nígbà tí èéfín ṣì wà nínú. Èéfín náà kò ní rí ọ̀nà jáde, ìkòkò á wú lójúlójú bíi pé ó ní eéwo. Èyí ni àìsàn tó wọ́pọ̀ jù nínú amọ̀ Bizen, ẹni tó bá sì rí i lára àwo kò ní láti béèrè ohun tó fà á. Omi náà ń kọ́? Tí ọ̀rinrin bá ṣì wà nínú amọ̀ nígbà tí ooru kọjá ti omi híhó, ìkòkò á bú gbàù, àfọ́kù rẹ̀ á sì ba àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Nítorí náà, iná tó ń rú èéfín díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu iléru ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, fún ọjọ́ mélòó kan, kí ọ̀rinrin lè jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á máa gbé ooru sókè ní kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, tọ̀sán tòru, ẹni kan á máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ọjọ́ 10 sí 14 ni ó sábà máa ń gbà. Tí wọ́n bá pa iná tán, wọ́n á fi amọ̀ dí gbogbo ẹnu rẹ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún bíi ọ̀sẹ̀ kan kí ó tutù fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò ní sùúrù tó ṣí i nígbà tó ṣì gbóná, atẹ́gùn tútù á la ìkòkò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ọ̀pọ̀ wọn ń sun ìkòkò.

Igi páìnì pupa ni igi ìdáná. Ọ̀dà inú rẹ̀ ń mú kí ọwọ́ iná gùn, eérú rẹ̀ sì ń fò lọ bà lé ìkòkò. Ṣùgbọ́n kòkòrò kan tó ń pa páìnì ti run igbó púpọ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn Jàpáànù, igi náà kò sì rọrùn láti rí mọ́.

Ìyá Aláwo
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀gbọ́n. Àwọ̀ ara rẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀. Nínú àwòrán, òmíràn pupa, òmíràn ní ìlà bí ilà ojú, òmíràn aláwọ̀ eérú. Ṣé wọ́n kùn ún ni?

Iléru
Rárá o, àǹtí. Ibi tí wọ́n gbé ìkòkò sí nínú iléru ló ń pín àwọ̀ fún un, ìdí nìyẹn tí kíkó ìkòkò sínú iléru nìkan fi lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ó tó mẹ́rin tí ẹ máa sábà rí.

Goma ni èyí tó ní àmì wẹ́wẹ́ dídán léjìká. Goma ni wọ́n ń pe yánmọtí, torí ó dà bíi pé wọ́n wọ́n yánmọtí sí i lára. Eérú páìnì ló bà lé e tó sì yọ́. Àwọn tó wà nítòsí iná àti lókè ló ń ní i.

Sangiri ni èyí tó ní eérú àti búlúù òun dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa. Inú eérú àti èédú ni ìkòkò náà rì sí, atẹ́gùn kò sì ráyè dé ibẹ̀. Lópin iná, àwọn kan máa ń da èédú sí i láti ihò ẹ̀gbẹ́ iléru kí wọ́n lè rí i.

Hidasuki ni ti onílà tí ẹ sọ. Kò fẹ́ kí iná tàbí eérú kàn án. Wọ́n á fi koríko ìrẹsì wé e, wọ́n á sì fi í sínú ìkòkò tó tóbi jù ú tàbí àpótí amọ̀. Koríko náà á jó tán, ṣùgbọ́n pótásíọ̀mù inú rẹ̀ á bá irin inú amọ̀ ṣe, ibi tó ti kàn án nìkan ni yóò pọ́n bí osùn. Ara rẹ̀ yòókù á funfun bí ìyẹ̀fun gààrí. Ìdí tí wọ́n fi kọ́kọ́ ń fi koríko sí i kò ju kí àwo má baà lẹ̀ mọ́ra wọn. Ọ̀nà yìí kò nílò eérú, nítorí náà wọ́n lè fi iléru oníná mànàmáná ṣe é, púpọ̀ nínú èyí tí kò wọ́n lọ́jà ni wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ayédèrú ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń rà á mọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni botamochi, àmì róbótó lójú àwo pẹrẹsẹ. Wọ́n kó amọ̀ róbótó lé e kí eérú má baà débẹ̀. Orúkọ oúnjẹ dídùn kan tí wọ́n ń fi ìrẹsì ṣe ni wọ́n fi pè é.

Òpìtàn
Ẹ jẹ́ kí n so ìtàn mọ́ ohun tí Iléru sọ. Ojú tí kò dán yìí gan-an ló gbé Bizen ga. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, àwọn àgbà ayẹyẹ tíì bíi Sen no Rikyū ń wá ohun tí kò ní ìfẹ́hàn, ìkòkò àgbẹ̀ ti Imbe sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ń fi omi àti irúgbìn sí tẹ́lẹ̀ di ohun ọ̀ṣọ́ yàrá àwọn olówó.

Lásìkò yẹn náà ni wọ́n da gbogbo iléru kéékèèké pọ̀ sí mẹ́ta ńláńlá tí gbogbo wọn jọ ń lò, ní gúúsù, àríwá àti ìwọ̀-oòrùn Imbe. Ti gúúsù gùn tó mítà 53.8, ó sì fẹ̀ tó mítà 5.2. Ó máa ń gba ju oṣù kan lọ láti sun ìkòkò inú rẹ̀. Ìdílé mẹ́fà ló ń darí iṣẹ́ náà: Kimura, Mori, Kaneshige, Tongū, Ōae àti Terami. Àwókù iléru gúúsù ṣì wà níbẹ̀, ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ ni láti ibùdókọ̀ ojú irin, òkìtì àfọ́kù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ga ju èèyàn lọ. Ẹ má mú ìkankan lọ, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ìjọba ń dáàbò bò ni.

Ìyà wá dé. Àwo funfun láti Arita, ìlú mìíràn ní Jàpáànù, pọ̀ lọ́jà, ó dán, ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò wọ́n. Ìkòkò ńlá Bizen kò rí ẹni rà á mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Láyé Meiji (1868 sí 1912), páìpù amọ̀ àti bíríkì ni Imbe ń ṣe kí wọ́n lè jẹun. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí irin wọ́n, wọ́n tilẹ̀ ṣe bọ́ǹbù àfọwọ́jù láti inú amọ̀, wọ́n sì fi ère amọ̀ Ninomiya Kinjirō, ọmọ tó ń kàwé tó ru igi lẹ́yìn, rọ́pò ti bàbà tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́.

Ẹni tó gbé e dìde ni Kaneshige Tōyō (1896 sí 1967). Ó padà lọ wo iṣẹ́ ayé Rikyū fínnífínní, amọ̀ rẹ̀, iléru rẹ̀, ọ̀nà sísun rẹ̀. Ní 1956, ìjọba fi oyè tí a lè pè ní Ìṣúra Orílẹ̀-èdè Tó Wà Láàyè dá a lọ́lá. Mẹ́rin mìíràn láti Bizen ti gba oyè náà lẹ́yìn rẹ̀: Fujiwara Kei, Yamamoto Tōshū, Fujiwara Yū tó jẹ́ ọmọ Kei, àti Isezaki Jun.

Arìnká
Àgbà yìí o! Ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ dárúkọ ńkọ́? Ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń yà lọ wò?

Òpìtàn
Tí ẹ bá ní wákàtí mẹ́rin péré ní Bizen, Shizutani ni kí ẹ fi méjì rẹ̀ lọ. Èrò tèmi nìyẹn, Iléru lè bá mi jà.

Ikeda Mitsumasa, daimyō (olórí tó ń ṣàkóso agbègbè) Okayama, ló pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́ ọ ní 1670, fún ọmọ mẹ̀kúnnù. Ìgbà yẹn, ọmọ jagunjagun ló ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Tsuda Nagatada ni aláṣẹ tó bójú tó iṣẹ́ náà. Gbọ̀ngán ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ lónìí, ọdún 1701 ni wọ́n parí rẹ̀, Ìṣúra Orílẹ̀-èdè ni.

Ẹ wo òrùlé rẹ̀ dáadáa. Táìlì Bizen ni, tí wọ́n sun nítorí ilé náà. Wọ́n tún fi páìpù amọ̀ sí abẹ́ rẹ̀ kí omi tó bá yọ́ wọlé lè rí ọ̀nà jáde, torí omi tó dúró lábẹ́ táìlì ló ń jẹ igi òrùlé. Ògiri òkúta tó yí ọgbà náà ká gùn tó mítà 765, orí rẹ̀ rí róbótó bí ẹ̀yìn ìjàpá tó gùn, wọ́n sì to òkúta rẹ̀ débi pé koríko kò rọrùn láti hù níbẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn àlejò máa ń kọjá láìwò: òkìtì ilẹ̀ tó wà láàárín gbọ̀ngán àti ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé tẹ́lẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kó ilẹ̀ yẹn jọ kí iná má baà ré kọjá ni. Iná jó apá ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé nígbà kan, gbọ̀ngán kò jóná rárá.

Igi méjì tó dúró níwájú ojúbọ Confucius, amòye Ṣáínà àtijọ́, láti inú èso igi ibi ibojì Confucius ní Ṣáínà ni wọ́n ti hù ú. Ọdún 1915 ni èso náà dé Jàpáànù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ọ̀kan á pọ́n, èkejì á di yẹ́lò, èrò á sì pọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi.

Apẹja
Gbogbo yín ń sọ ti amọ̀, ẹ gbàgbé Hinase. Ọ́ísítà ni wọ́n ń sìn níbẹ̀, nígbà òtútù sì ni ẹ lè jẹ kakioko, àkàrà pẹrẹsẹ oníyẹ̀fun àti kábéèjì tí wọ́n da ọ́ísítà lé lórí agbada pẹrẹsẹ.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó yẹ ká kọ́ ni ti amamo, koríko tó ń hù nísàlẹ̀ òkun níbi tí omi kò jìn, tí ẹja ń yé sí. Ní àwọn ọdún 1940, koríko náà gba nǹkan bíi hẹ́kítà 590 ní Hinase. Nígbà tó di 1985, nǹkan bíi 12 ló kù. Àwọn apẹja fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó irúgbìn rẹ̀ jọ tí wọ́n ń fún un padà sínú òkun. Ọ̀pọ̀ ọdún kò mú nǹkan jáde. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rọ̀ jù, gbòǹgbò kò rí ohun dì mú, omi sì dọ̀tí, oòrùn kò wọlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n wá da ìkarahun ọ́ísítà sórí ẹrẹ̀ náà kí ilẹ̀ lè le. Lẹ́yìn bíi ọgbọ̀n ọdún, koríko náà ti padà kọjá hẹ́kítà 200. Koríko ọ̀hún sì ń ran ọ́ísítà lọ́wọ́, ó ń jẹ́ kí omi tutù díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọmọ Ìpetumodù
Mitsuishi ńkọ́?

Òpìtàn
Òkúta rírọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní rōseki ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń fi í ṣe pẹ́ńsùlù tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń fi kọ̀wé sára síléètì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé ó ń fara da iná, wọ́n sì ń fi í ṣe bíríkì inú iléru irin. Ẹni tó bá fẹ́ràn bíríkì, kó wo ọ̀nà abẹ́ ojú irin níbẹ̀.

Ìyá Aláwo
Tí mo bá ra ife tàbí ìkòkò òdòdó wálé, báwo ni mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀?

Iléru
Kí ẹ tó rà á, ẹ fi ọwọ́ kan ìdí rẹ̀. Tí ó bá ń họ nǹkan, ó máa họ tábìlì yín. Ẹ fi òkúta ìpọ́n-ọ̀bẹ tàbí sáńpépà tó kúnná ha á nínú omi. Ẹ gbé e ka ilẹ̀ pẹrẹsẹ kí ẹ wò ó bóyá ó ń mì.

Tí ó bá délé, ẹ rì í sómi fún ọjọ́ kan. Ìkòkò òdòdó tó bá ń làágùn ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sè é nínú omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì, ẹ jẹ́ kí ó tutù sínú omi náà. Ọ̀rá oúnjẹ lè wọ àwo gbígbẹ, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ tì í bọ omi kí ẹ tó bu oúnjẹ sí i. Kànìnkànìn àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó láti fi fọ̀ ọ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí ẹ kó o sí kọ́bọ́ọ̀dù nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù: ó máa bu, ó máa rùn. Ẹ má gbé e ka iná, ẹ má sì da omi híhó sí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú fíríìjì. Ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fara da kí ooru yí padà lójijì.

Arìnká
Ó ku ọ̀nà àti àkókò.

Òpìtàn
Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin yíyára dé Okayama, kí ẹ bọ́ sí ojú irin Akō, ẹ sọ̀ ní Imbe. Ó máa ń gba bíi 40 ìṣẹ́jú. Ojú irin kan náà ló kọjá lọ sí Hinase. Shizutani kò sí lójú ọ̀nà yìí o: ojú irin San'yō ni ẹ máa wọ̀ dé Yoshinaga, takisí ló kù. Ibi tí àwọn àlejò ń ṣìnà sí nìyẹn, torí lórí àwòrán ilẹ̀ ó jọ pé kò jìnnà sí Imbe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Àìkú kẹta nínú oṣù kẹwàá ni ọdún ìkòkò Imbe. Ọjà máa ń dínwó, ibi ìgbọ́kọ̀sí sì máa ń kún. Ẹni tó bá fẹ́ bá amọ̀kòkò sọ̀rọ̀ ní pẹ̀lẹ́tù, ẹ má lọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ lọ ní ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹ sì ya ojúbọ Amatsu tó wà nínú Imbe. Ajá ẹ̀ṣọ́ méjèèjì ẹnu ọ̀nà rẹ̀ àti táìlì òrùlé rẹ̀, amọ̀ Bizen ni gbogbo rẹ̀.

Iléru
Tí ẹ bá sì rí èéfín dúdú lókè ilé kan, iná ń jó níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ má wọlé láìbéèrè. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ lè má tíì sùn láti àná.